Bàbá Tó Ń Gbé Ọkọ̀ Gun Òkè

Àwọn tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá bá wa kẹ́dùn máa ń kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kí wọ́n tó béèrè ọ̀rọ̀ òkú. Wọ́n á gun òkè dé ilé wa ní Ìdáàṣà, wọ́n á nu òógùn ojú wọn, wọ́n á sì rí ọkọ̀ igi gbọọrọ kan tó dùbúlẹ̀ lórí àpáta, níbi tí kò sí odò, tí kò sí ọ̀sà. "Kí lèyí ń wá níbí?" ni wọ́n á wí. Ó ti sú mi láti máa ṣàlàyé. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí n sì fi apá tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni tó kù nínú ilé wa kún un.

Bàbá àgbà mi, Batẹlẹmí, bàbá tó bí bàbá mi, àgbẹ̀ orí òkè ni. Iṣu ló ń gbìn bíi ti gbogbo ará ilé wa. Ṣùgbọ́n nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó lọ ṣe lébìrà létí odò Wẹ̀mẹ̀, lápá ibi tí oòrùn ti ń yọ, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ ọkọ̀ wíwà. Odò gba ọkàn rẹ̀, kò sì dá a padà mọ́. Láti ìgbà náà ló ti pín ọdún sí méjì. Bí omi bá kún, á fi oko sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀, á lọ máa tu àwọn èrò kọjá, àwọn tó ń ti Ṣábẹ bọ̀ wá sí ọjà Ìdáàṣà àti àwọn tó ń padà lọ. Bí omi bá fà, tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ là á kọjá, á padà wá sídìí ebè rẹ̀.

Àwọn atukọ̀ yòókù a máa fi ewé bo ọkọ̀ wọn mọ́ etídò títí òjò yóò fi padà dé. Bàbá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́dún kan, nígbà ọyẹ́, àwọn ọdẹ dáná sun igbó, iná náà sì jó dé etídò, ó jó ọkọ̀ rẹ̀ di eérú. Àjẹ̀ tó gbé wá sílé nìkan ló ṣẹ́kù. Ìyá àgbà, ìyàwó rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, kò jẹ́ kó jókòó tán kó tó sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ó ní òun kàn fẹ́ mọ irú ẹwà tí eléyìí fẹ́ bù ni. Bàbá mú àáké rẹ̀. Ó gbẹ́ ọkọ̀ mìíràn, èyí tó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì pinnu pé ọyẹ́ kankan kò ní bá a létídò.

Bó ṣe di pé ọkọ̀ ń gun òkè nìyẹn. Lọ́dọọdún, kàmíọ̀n akẹ́rù tó ń lọ kó òwú á bá a gbé e dé ẹsẹ̀ òkè, àwọn géńdé mẹ́jọ á gbé e lé èjìká, orin lẹ́nu wọn, ó di orí àpáta wa. Bàbá ní níbi tí koríko kò bá sí, iná kò ní nǹkan tí yóò jẹ. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì a máa tò sójú ọ̀nà láti wò ó. Wọ́n á máa pariwo, "Ẹ wò ó, Nóà ti dé o!" Bàbá á ṣí fìlà fún wọn.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín," á ní. "Bí ìkún omi bá dé, ẹ ó mọ ilẹ̀kùn ẹni tí ẹ ó kàn."

Ẹni tí kò bá mọ ọyẹ́ orí òkè wa lè rò pé wàhálà ti tán nígbà tí ọkọ̀ bá ti délé. Ọyẹ́ ibẹ̀ a máa la ètè, a máa la gìgísẹ̀, a máa la ilẹ̀kùn. Igi tó ti ń mu omi láti bí oṣù mélòó kan, tí a wá gbé sínú irú atẹ́gùn bẹ́ẹ̀, bó bá pẹ́, á ya sí méjì. Nítorí náà, láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá á bu omi nínú kòtò àpáta, á fi rin àwọn àpò ìdọ̀họ, á fi wọ́n bo ọkọ̀ bí ẹni da aṣọ bo aláìsàn. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ́ kó gbẹ. Á fi àfọ́kù ìgò ha ìdí rẹ̀ títí yóò fi dán. Á fi òwú àràbà tí wọ́n gún mọ́ oje igi dí gbogbo ojú ibi tó bá là. Á fi ìka kan igi, á dẹtí sílẹ̀, á sì máa mi orí bí ẹni tí wọ́n ń ròyìn ilé fún.

Mọ̀npẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa, fàdá òyìnbó kan tó sanra, rí i lọ́jọ́ Àìkú kan tó ń bu omi sórí àpò. Ó dúró lórí alùpùpù rẹ̀, ó ní, "Batẹlẹmí, ọjọ́ Olúwa lèyí. Iṣẹ́ kò sí lónìí."

Bàbá wo alùpùpù náà láti òkè délẹ̀. "Mọ̀npẹ̀," ó ní, "ẹ dákun, tó bá di ọjọ́ Olúwa, ṣé ẹsẹ̀ lẹ fi ń rìn, àbí ẹ ń rọ epo sí nǹkan yìí?"

Mọ̀npẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ súre fún ọkọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ nǹkan kan nípa Bàbá, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé. Kì í béèrè. Bí àwo bá fọ́ nílé, bàbá mi á pariwo, ìyá mi á bú gbogbo wa lápapọ̀. Bàbá àgbà á kàn jáde, á wo ẹsẹ̀ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì pe ẹni tó fọ́ ọ lórúkọ. Ó mọ ẹni tó mu nínú ọtí ṣódábì òun láti ara bí onítọ̀hún ṣe kí i láàárọ̀. Bí mo bá fẹ́ ṣàlàyé nǹkan fún un, á fọwọ́ dá mi dúró. Ó máa ń wí fún mi pé, "Àbẹ̀kẹ́, ẹnu ẹlòmíì lè purọ́ fún mi. Ojú mi kò purọ́ fún mi rí." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òótọ́ ni. Ibi tí wàhálà wà náà nìyẹn. Ẹni tó bá máa ń mọ̀ ọ́n nígbà gbogbo kì í mọ ọjọ́ tó ṣì í.

Òun àti Ìyá àgbà ń jà lórí gbogbo nǹkan. Wọ́n ń jà lórí iyọ̀, lórí ewúrẹ́, lórí ẹni tó kọ́kọ́ rí èkejì lọ́jà ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọyẹ́, Ìyá àgbà á gbé ọpọ́n ẹ̀kùrọ́ rẹ̀ wá, á jókòó sí etí ọkọ̀, á máa fi òkúta pa á, Bàbá á máa ha igi níwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn kì í tán. Orí òkè kejì la ti ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. Èmi tí mo ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn rò pé bí gbogbo tọkọtaya ṣe ń ṣe nìyẹn, àfìgbà tí mo dàgbà tí mo wọ ilé ẹlòmíràn.

Àdín ni Ìyá àgbà ń fi ẹ̀kùrọ́ náà ṣe, kò sì sí ẹni tí tirẹ̀ dùn tó ládùúgbò wa. Tí ọyẹ́ bá ti wọlé, á tò wá sílà, á fi pa wá lójú, lápá, lẹ́sẹ̀, títí a ó fi máa dán bí ìgò. Kò mọ sára ènìyàn. Ó ń fi pa ilẹ̀kùn, ó ń fi pa eèkù ọkọ́ àti àpótí ìjókòó. Ohunkóhun tí ọyẹ́ bá ti ń là nílé wa, àdín ni egbòogi rẹ̀. Kò sí ọmọ orí òkè tí wọn kò fi ìyẹn kọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìdíje ọkọ̀. Etídò Wẹ̀mẹ̀ ní ibùdó méjì. Ti òkè dára, ilẹ̀ rẹ̀ le, ibẹ̀ ni gbogbo ọlọ́jà ń gbà. Ti ìsàlẹ̀, ẹrẹ̀ ni. Nígbà tí omi bá kọ́kọ́ kún, Bàbá àti Àlàó ará Ṣábẹ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó tún jẹ́ orogún rẹ̀ lórí omi, á wa ọkọ̀ sáré láti ibi tí odò ti tẹ̀ dé ibùdó. Ẹni tó bá ṣáájú ni yóò lo ibùdó òkè títí omi yóò fi fà. Ẹni tí wọ́n bá sì ṣáájú lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ó ti sọ ibùdó òkè nù nìyẹn, ọmọ rẹ̀ pàápàá kò ní lè du ú mọ́. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, Àlàó ti ṣáájú Bàbá lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ilé wa mọ ohun tí ẹ̀ẹ̀kẹta jẹ́. Bàbá ha ọkọ̀ lọ́dún náà bí ẹni ń fá orí ọba. Ó wá sọ pé òun ń lọ sí Bohicon lọ ra ọ̀dà, ojúlówó ọ̀dà aláwọ̀ aró tí omi yóò máa yọ̀ lára rẹ̀, tí igi kò sì ní fi mu omi wúwo.

Ọjọ́ mẹ́ta ló lò, òun àti bàbá mi. Ó ní igi ti gbẹ tó bó ṣe yẹ, kí a ká àpò kúrò lórí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì bu omi sí i mọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Ní ọjọ́ kejì mo lọ wo ọkọ̀ náà, mo rí i tó funfun, tó ń sán wẹ́wẹ́ bíi gìgísẹ̀ mi, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Mo wọ ilé ìdáná lọ, mo gbé ìkòkò àdín Ìyá àgbà, mo fi gbogbo rẹ̀ pa ọkọ̀, nínú àti lóde. Igi náà mu ún bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Inú mi dùn dé ibi pé orin ni mò ń kọ.

Ìyá àgbà rí ìkòkò tó ṣófo, ó rí apá mi tó ń dán dé ìgúnpá. "Àbẹ̀kẹ́, kí lo fi àdín mi ṣe?"

"Mo fi pa ọkọ̀ Bàbá ni, kó má baà là."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Ọkọ rẹ mà ni lóòótọ́," ó ní. "O káre." Òun náà kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀dà. Èwo ni kí obìnrin orí òkè fi ọ̀dà ṣe?

Bàbá dé, ó kun ọkọ̀. Ẹwà rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Ọmọ Àlàó kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá sí ọjà, gbé ẹja gbígbẹ wá kí wa láti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, ó fọwọ́ kan ọkọ̀ náà, ó yìn ín, ó padà sí ibi tó wọ̀ sí lẹ́bàá ọjà, níbi tó ti ń ta ẹja fún bí oṣù kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ọ̀dà kò gbẹ. Bàbá fi èékánná họ ọ́, ó ṣí kúrò lára igi bí èèpo iṣu tó jinná. Ó gbé ìka sí imú. Mo dúró níbẹ̀, mo rí i bó ṣe dìde, tó lọ tààrà sí ilé ìdáná, tó ṣí ìkòkò àdín, tó wo inú rẹ̀, tó sì dé e padà jẹ́jẹ́. Ó jáde. Kò wí nǹkan kan.

Àwọn géńdé ilé ló wí. Wọ́n ní ta ló tún kù bí kò ṣe ọmọ ará Ṣábẹ tó fọwọ́ kan ọkọ̀? Wọ́n ní oògùn ló fi pa á. Kí oòrùn tó kàntàrí, wọ́n ti kó kùmọ̀ jọ sẹ́bàá ọkọ̀, wọ́n ní àwọn ń lọ bá a ní ibi tó wọ̀ sí lẹ́bàá ọjà. Ìyá àgbà fà mí wọ yàrá. "Àdín yẹn ni," ó sọ sí mi létí. "Pa ẹnu rẹ mọ́. Bí Bàbá rẹ bá bi mí, èmi ni mo mọ bí n ó ṣe sọ ọ́ tí kò fi ní nà ọ́." Láti ojú fèrèsé ni mo ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.

Bàbá, tí kò gbà rí láyé rẹ̀ pé òun ṣe àṣìṣe, gun orí ọkọ̀, ó dúró síwájú gbogbo wọn. "Ẹ gbé igi yín sílẹ̀," ó ní. "Èmi ni mo fi àdín pa ọkọ̀ mi. Mo gbàgbé pé mo fẹ́ kùn ún. Àgbà ti ń dé, ẹ bá mi rẹ́rìn-ín, kí ẹ sì máa lọ sílé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín lóòótọ́, ẹ̀rín náà sì tàn dé ọjà, ó dé etídò. Bàbá Aládìn-ín ni wọ́n ń pè é láti ọjọ́ náà. Ọmọ Àlàó jẹun tán níbi tó wọ̀ sí, ó padà sí Ṣábẹ láìmọ̀ pé kùmọ̀ ń bọ̀ wá bá òun.

Bàbá ha gbogbo ọ̀dà náà kúrò, ó sì fi igi lásán wa ìdíje. Ibi tí àdín wà kò gba ọ̀dà mọ́, ibi tí kò sí mu omi yó, ọkọ̀ sì wúwo. Mo wà létídò. Ìwọ̀n ọkọ̀ kan péré ni Àlàó fi ṣáájú rẹ̀. Àlàó bọ́ sílẹ̀, òógùn ń ṣàn lára rẹ̀, ó di Bàbá lọ́wọ́ mú. "Batẹlẹmí, ara ọkọ̀ rẹ kò yá. Jẹ́ ká tún un wà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mi ò fẹ́ jẹ ẹ́ báyìí."

"Ara ọkọ̀ kò yá, ṣùgbọ́n ara èmi yá," Bàbá dáhùn. "Àdéhùn kò mọ àdín. Ibùdó di tìrẹ."

Gbogbo ayé rò pé ohun tó sọ nù lọ́jọ́ náà ni ibùdó. Èmi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn rí òmíràn. Bàbá ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìyàwó òun ló fi àdín ba ọkọ̀ jẹ́. Ìyá àgbà kò jókòó sí etí ọkọ̀ mọ́. Lọ́yẹ́ tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ gun òkè bí ó ti yẹ, Bàbá ń ha á lápá kan, Ìyá àgbà ń pa ẹ̀kùrọ́ tirẹ̀ lápá kejì. Wọn kò jà. Ìyẹn gan-an ló burú jù. Bàbá ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń dúpẹ́, ó ń kí i káàárọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń lọ sí ọjà lọ ra àdín tí yóò fi pa ẹsẹ̀ rẹ̀, ọkọ obìnrin tí gbogbo Ìdáàṣà ń wá ra tirẹ̀! Mo rí ojú Ìyá àgbà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí ìgò náà.

Mo bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan pé kó jẹ́ kí n lọ sọ ọ́. Ó kọ̀ jálẹ̀. "Ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni mo ti wà nílé ọkùnrin yìí," ó ní. "Bó bá fẹ́ mọ̀, ẹnu rẹ̀ kò dì. Kó bi mí." Bàbá kò bi í. Wọ́n rán mi lọ sí ilé ìwé ní Bohicon, mo ń wá nígbà ọlidé, mo ń bá ìdákẹ́jẹ́ náà nílé, mo sì ń sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ àgbà ni, kò kàn mí. Irọ́ ni. Ó kàn mí. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, Ìyá àgbà kú. Inú yàrá rẹ̀ la sin ín sí. Bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Mo ti di olùkọ́ báyìí. Lọ́yẹ́ tó kọjá, mo wá kí i. Àárẹ̀ ti mú un, ọkọ̀ ti ń sùn lórí àpáta láti ọdún méjì láìsí ẹni tó gbé e sọ̀ kalẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan a jókòó sí ibòòji àpáta, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó rí i bó ṣe là. Ó ti ìgò àdín ọjà rẹ̀ sí mi. "Fi pa ẹsẹ̀ rẹ," ó ní.

Ọwọ́ mi kò lè gbà á. Ẹkún ló kọ́kọ́ jáde kí ọ̀rọ̀ tó jáde. "Bàbá, èmi ni mo fi àdín pa ọkọ̀ yín."

Ó yí ojú sí mi. "Ìwọ?"

"Èmi ni. Mo rò pé kò ní là mọ́ ni."

"Ìyá Dọ̀miníkì mọ̀?" Orúkọ tó ń pe Ìyá àgbà nìyẹn.

"Wọ́n mọ̀. Wọ́n ní kí n pa ẹnu mọ́."

"Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

N kò gbọ́ kó béèrè tó báyìí rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ purọ́, ṣùgbọ́n mo ti purọ́ fún ọdún mẹ́jọ. "Wọ́n ní ẹ kò bi àwọn."

Bàbá gbé ojú sílẹ̀. Ó na ọwọ́ sí mi pé kí n gbé òun dìde. Ó fara tì mí, a rìn wọ ilé, a wọ yàrá Ìyá àgbà. Ọkùnrin tí kì í jókòó sílẹ̀ lásán jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ ilẹ̀.

"Ìyá Dọ̀miníkì," ó ní, "mo ṣì ọ́ mú. Mo rí ìkòkò, mi ò rí ọ. Má bínú sí mi."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ló lò lẹ́yìn ìyẹn kó tó lọ bá a. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, kò tíì bá mi ṣe tán. Ó yí ojú sí ibi tí mo dúró sí lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ gbá ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìwọ náà, wá bẹ̀ ẹ́."

Mo kúnlẹ̀. Mo ya ẹnu, ohùn kò jáde. Bàbá kò bá mi wí, kò dìde, ó kàn jókòó tì mí níbẹ̀.

"Má kánjú," ó ní. "Àwa méjèèjì la kúkú ti pẹ́ kí a tó wá bẹ̀ ẹ́."